Ṣé ká ra nǹkan tuntun sínú kọ̀ǹpútà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ni, àbí ká overclock ẹ̀?

Oṣù mẹ́rin ò tíì pé tí wọ́n to ẹ̀rọ náà, gẹ́ẹ̀mù ti ń já, Premiere tí wọ́n fi ń to fídíò ti ń wọ́, ọkàn ẹni tó ni ín sì ti ń fà sí ọ̀nà Otigba, ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà. Ẹlòmíì á ní kó má wulẹ̀ náwó mọ́, kó kúkú overclock èyí tó wà nílẹ̀ (kó mú un sáré ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ), ọ̀fẹ́ ṣáà ni. Èrò tèmi yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Nínú Èkó tí a wà yìí, overclock ló yẹ kó gbẹ̀yìn, ríra nǹkan ló ṣìkejì, ohun tó sì ṣáájú ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí ẹ ti sanwó fún ń ṣiṣẹ́ tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣiṣẹ́ tán.

Ẹ̀rọ tí mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí ni irú èyí tí wọ́n sábà máa ń tò fún èèyàn ní Computer Village: prósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600 (ti AMD) tàbí Core i5-12400F (ti Intel), RAM 16 GB, GPU (káàdì àwòrán) RTX 3060 tòkunbọ̀, SSD kan tí fáìlì ń wà.

RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Memory. Ẹ ó rí Speed níbẹ̀. Bí páálí RAM yín bá ní 3200, tí Windows wá ń sọ pé 2133 tàbí 2666, ẹ ò tíì jẹ owó yín tán. Kò sẹ́ni tó rẹ́ yín jẹ o. Bí DDR4 ṣe máa ń jí nìyẹn. Iyára tó wà lára páálí kò ní ṣiṣẹ́ àfi bí ẹ bá wọ BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí ẹ̀rọ (ẹ máa tẹ Delete tàbí F2 bó ṣe ń tàn), kí ẹ tan XMP, ètò iyára tí wọ́n ti kọ sínú RAM. Lórí bọ́ọ̀dù AMD mìíràn, DOCP ló ń jẹ́. Lórí AM5, bọ́ọ̀dù AMD ìran tuntun tó ń lo DDR5, EXPO. Voltage RAM á gòkè láti 1.2 sí 1.35, iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe RAM ọ̀hún fọwọ́ sí ni.

Lórí Ryzen, ọ̀rọ̀ yìí kọjá RAM nìkan. Infinity Fabric, ìyẹn ọ̀nà tí prósẹ́sọ̀ ń gbà bá RAM àti àwọn apá ara rẹ̀ tó kù sọ̀rọ̀, RAM ló ń bá rìn. RAM 3200 fún un ní 1600 MHz, 3600 fún un ní 1800. Ẹni tó bá wá lọ ra 4000 torí pé nọ́ńbà rẹ̀ tóbi, àwọn méjèèjì á já ara wọn sílẹ̀, fabric á máa sá eré tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀rọ náà sì lè lọ́ra ju ti ẹni tó ra 3600 lọ. Fún 5600, 3200 dára, 3600 ni òpin ohun tó yẹ kí ẹ lé.

Lójú ìwé kan náà, ẹ wo Slots used. Bó bá jẹ́ pé 1 ló wà níbẹ̀, ẹyọ 16 GB kan ṣoṣo ni wọ́n fún yín, ọ̀nà kan péré ni RAM sì ń gbà kọjá. Ẹyọ 8 GB méjì sàn jù ú lọ fún gẹ́ẹ̀mù. Bí ihò RAM bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ kà á láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀: ìkejì àti ìkẹrin ni ẹ ó lò, àwọn tí bọ́ọ̀dù kọ A2 àti B2 sí lára. Àwọn tó ń to ẹ̀rọ ní wàràwàrà torí pé kọ́sítọ́mà mẹ́ta ló dúró lẹ́yìn máa ń ki méjèèjì sí ìkíní àti ìkejì. Ọ̀nà kan náà ni ihò méjèèjì yẹn wà.

Bí ẹ bá tan XMP tí mọ́nítọ̀ ò sì mú nǹkan kan wá, ẹ fi sílẹ̀ ná. Bọ́ọ̀dù á gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, á sì padà sí ipò àtijọ́ fúnra rẹ̀. DDR5 lórí AM5 lè lo ìṣẹ́jú mélòó kan nígbà àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sáré pa á, tí wọ́n á ní bọ́ọ̀dù ti jó. Bí kò bá padà rárá, ẹ yọ wáyà iná lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yọ bátìrì róbótó CR2032 lára bọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn tí XMP bá ti dúró, ẹ fi MemTest86 sórí flash, kí ẹ jẹ́ kó ṣe ìyípo mẹ́rin tí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ gbà. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù: RAM tó ń ṣàṣìṣe á ba fáìlì jẹ́ lábẹ́lẹ̀ kó tó di pé ẹ rí i. Ibi tí ìyẹn ti sábà ń ṣẹlẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti da RAM oríṣi méjì pọ̀, ẹyọ kan láti ọ̀dọ̀ ẹni yìí, èkejì láti ọ̀dọ̀ ẹni yẹn. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 3000 tàbí 2933, ẹ tún dán an wò.

Àwọn yòókù kò gba àkókò. Ẹ wò ó bóyá mọ́nítọ̀ 144 Hz yín kò sí lórí 60. Inú Advanced display nínú Settings ló wà. Ẹ rí i pé ihò òkè pátápátá ni GPU wà, àti pé ẹ̀yìn GPU ni wáyà HDMI wọ̀ sí, kì í ṣe ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù.

Kí ló ń dá a dúró gan-an?

Ẹ ṣí iṣẹ́ tó ń ni yín lára gan-an, ẹ fi benchmark (ètò ìdíwọ̀n eré) sílẹ̀. MSI Afterburner á kọ nọ́ńbà sójú gẹ́ẹ̀mù, HWiNFO64 á ṣọ́ àwọn yòókù. Bí GPU bá dúró lórí 95 sí 99%, òun ló ń dá a dúró, kò sí prósẹ́sọ̀ tí ẹ rà tó máa yí ìyẹn padà. Bí GPU bá wà ní 60%, ẹ wo àwọn core (àwọn ọpọlọ inú prósẹ́sọ̀) lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wo àròpọ̀ CPU, torí prósẹ́sọ̀ tó ń sọ pé òun ń ṣe 40% lè ní core kan tó ti kún dẹ́nu, core yẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ ń dúró dè. Ọ̀nà kúkurú kan tún wà: ẹ sọ resolution gẹ́ẹ̀mù kalẹ̀ sí 720p. Bí fps (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan) bá fò sókè, GPU ni. Bó bá wà níbi tó wà, prósẹ́sọ̀ tàbí RAM ni.

Bí RAM bá ti ń lo 15 GB nínú 16, tí SSD sì ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, Windows ti ń fi SSD ṣe RAM nìyẹn. RAM 32 GB ni oògùn rẹ̀, kò sí overclock tó kàn án.

Fún àwọn tó ń ṣe fídíò òde àríyá, ọ̀rọ̀ kan wà tí olùtajà kì í sọ. Kámẹ́rà tuntun tó ń gba HEVC 4:2:2 10-bit (irú fídíò kan tí àwọ̀ rẹ̀ kún) máa ń pa Premiere lórí i5-12400F, bó ti wù kí GPU NVIDIA tó ṣáájú ìran 50 lágbára tó, torí NVIDIA kò ní ohun èlò tó ń tú irú fídíò bẹ́ẹ̀ títí RTX ìran 50 fi dé. Intel ní tirẹ̀ nínú Quick Sync, apá tó ń tú fídíò nínú prósẹ́sọ̀, láti ìran 11, ṣùgbọ́n lẹ́tà F tó gbẹ̀yìn orúkọ 12400F túmọ̀ sí pé apá yẹn kò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. i5-12400 tí kò ní F á yí irú fídíò yẹn bí omi. Ẹ ta F náà, kí ẹ fi owó díẹ̀ lé e, tàbí kí ẹ ṣe proxy (ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́) nínú Premiere láìná kọ́bọ̀. Bí ẹ bá overclock dé ọ̀run, kò ní fún yín ní ohun tí chip kò ní.

Àwọn tó ń fi FL Studio ṣe orin, kí ẹ tó ronú nípa prósẹ́sọ̀, ẹ gbé buffer ASIO (ibi tí ohùn ti ń dúró díẹ̀ kó tó jáde) lọ sí 512 tàbí 1024 nígbà tí ẹ bá ń mix. Ibẹ̀ ni ariwo tó ń já yẹn ti sábà máa ń dúró.

Èrè overclock ti kúrò níbi tó wà

Àkókò kan wà tí ó ní èrè gidi. Celeron 300A tó jáde ní 1998 máa ń kúrò ní 300 MHz bọ́ sí 450 bí ẹ bá kàn gbé bus rẹ̀ láti 66 sí 100, ìdajì eré lọ́fẹ̀ẹ́. i5-2500K ti 2011 jẹ́ 3.3 GHz nínú páálí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dé 4.5. Ilé iṣẹ́ ló fi àyè sílẹ̀ nígbà náà. Lónìí, wọ́n ti fúnra wọn gba àyè yẹn: boost, eré àfikún tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá, ti ń ti chip dé ìtòsí òpin rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Ryzen 5 5600 ń boost dé 4.4 GHz. PBO, ètò tí AMD fi sílẹ̀ fún wa, kò gbà kí ẹ fi ju 200 MHz lé e. 4.5% nìyẹn, bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé.

Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló gbà á. Lọ́dọ̀ Intel, prósẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ ní K, bọ́ọ̀dù náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Z (Z690, Z790). 12400F lórí H610 tàbí B660, ilẹ̀kùn ti tì. Lọ́dọ̀ AMD, B450, B550 àti B650 gbà á. A320 àti A520 kò gbà á. 5700X3D àti 5800X3D ti ní títì lára láti ilé iṣẹ́. Ẹni bá sì ra Core ìran 13 tàbí 14 tó ní K, kó rọra. Ní 2024, Intel fẹnu ara rẹ̀ sọ pé voltage tó ń ga jù ń ba irú àwọn chip bẹ́ẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé microcode 0x129 (àtúnṣe tó ń bá BIOS wá) jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n sì fi ọdún méjì kún wáráǹtì. BIOS tuntun ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílò, kì í ṣe voltage míì. Ní ti AMD, overclock ń pa wáráǹtì rẹ̀, PBO náà sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tí Èkó ń gbà lọ́wọ́ yín

Iná tí chip ń jẹ ń bá clock (iyára MHz rẹ̀) gòkè, ṣùgbọ́n voltage ni alágbára ibẹ̀, torí voltage lọ́nà voltage ni wọ́n ń kà. Ẹ fi 10% kún voltage, iná á fi 21% lé, a ò tíì ka ti clock tẹ́ ẹ gbé sókè. Gbogbo iná yẹn ń di ooru. Àwọn tó ń dán kúlà wò nílẹ̀ òkèèrè wà nínú yàrá oní dígírì 21 tàbí 22. Ní Múṣin tàbí Ṣùúrùlérè lọ́sàn-án, tí kò sí AC, dígírì 31 ni yàrá. Kúlà kì í mú nǹkan tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, nítorí náà 78 tiwọn á di 87 tàbí 88 tiyín. Kúlà Wraith Stealth tó ń bá 5600 wá ń ṣe 76 wáàtì tí AMD fi sí i, ìyẹn náà tó fún un.

Owó iná kọ́ ni wàhálà. Ẹ fi 225 náírà tí NERC fọwọ́ sí fún Band A ní oṣù kẹrin 2024 ṣe ìṣirò: 70 wáàtì lé, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, kò tó 100 náírà. Ìnáwó náà wà lára ínfátà. Ẹ mú bátìrì 12 V 200 Ah kan: 2,400 wáàtì-wákàtí ni. Bátìrì olómi ni, ẹ ò gbọdọ̀ lò ó kọjá ìdajì bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ó ku 1,200. Ínfátà fúnra rẹ̀ á jẹ nǹkan bíi 15%, ó ku 1,020. Ẹ̀rọ àti mọ́nítọ̀ tó ń jẹ 290 wáàtì á lo wákàtí mẹ́ta àbọ̀. Ẹ overclock GPU àti prósẹ́sọ̀ kó di 360, kò ní pé wákàtí mẹ́ta. Òótọ́ ibẹ̀ tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀, torí bí ẹ bá ṣe ń fa iná lára bátìrì olómi tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó máa fún yín ń kéré sí i. Bí ẹ bá sì mú un wálẹ̀ sí 240, ẹ ti lé ní wákàtí mẹ́rin.

Nítorí náà, undervolt

Èyí ni ètò ọ̀fẹ́ tí mo fara mọ́: kí ẹ dín voltage tí chip ń gbà kù. Eré kan náà tàbí èyí tó fi díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, iná tó dín kù, fáànù tó dákẹ́.

Fún RTX 3060: ẹ ṣí Afterburner, ẹ tẹ Ctrl+F, ìlà kan á yọ, voltage nísàlẹ̀, MHz lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fa Core clock sí -200 nínú fèrèsé àkọ́kọ́, ẹ tẹ Apply. Ẹ wá padà sórí ìlà náà, ẹ mú àmì tó wà lórí 900 mV, ẹ gbé e dé 1800 MHz, ẹ tún tẹ Apply. Gbogbo ohun tó wà lápá ọ̀tún á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ ta gẹ́ẹ̀mù wákàtí kan. Bó bá dúró, ẹ gbìyànjú 1830 tàbí 875 mV. Bí dírafà bá dákú tí ojú mọ́nítọ̀ sì dúdú kó tó padà, ẹ fi 25 mV lé e, ẹ má jiyàn pẹ̀lú ẹ̀. Ó lè yọ 20 sí 40 wáàtì nínú 170 tí káàdì náà ń jẹ. Àwọn tó ní RX 6600, inú Adrenalin ni: Performance, Tuning, Custom, kí ẹ máa fa voltage wálẹ̀ láti 1150 ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Fún Ryzen 5000 lórí B450 tàbí B550: BIOS, Advanced, AMD Overclocking, Precision Boost Overdrive, Advanced, Curve Optimizer, All Cores, Negative, 10. Lẹ́yìn náà 15, lẹ́yìn náà 20. 30 ni òpin, kì í sì í ṣe gbogbo chip ló ń dé ibẹ̀. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé kì í kú nígbà tí iṣẹ́ pọ̀. Cinebench á sáré já, àwọn èèyàn á ní ó ti dúró, lọ́jọ́ kejì tí ẹ kàn ń ka WhatsApp, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ á sì tún tàn. Ìdí ni pé nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀ ni core kan ń fò dé òkè pátápátá, ibẹ̀ sì ni voltage ti dín jù. Ẹ ṣí Event Viewer, ẹ wá WHEA-Logger, Event 18. Processor APIC ID wà nínú rẹ̀. Ẹ pín in sí méjì, ẹ gbàgbé àjẹkù, core tó ṣàìsàn nìyẹn: ID 6 tàbí 7 jẹ́ core 3. Ẹ fi òun nìkan sí 5, kí àwọn yòókù dúró síbi tí wọ́n wà. CoreCycler á dán core wò lọ́kọ̀ọ̀kan fún yín lálẹ́, tí iná bá wà.

12400F kò ní àyè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn wo power limit rẹ̀: 65 wáàtì fún iṣẹ́ gígùn, 117 fún eré kúkurú. Bọ́ọ̀dù H610 tí kò ní irin tó ń fa ooru lórí VRM (apá tó ń fún prósẹ́sọ̀ níná) kì í lè gbé 117 pẹ́, á máa já clock. Ẹ fi afẹ́fẹ́ kọjá sórí rẹ̀.

Bó bá wá di pé ẹ máa rà

Ẹ kọ́kọ́ yí páwà yín (àpótí tó ń fún ẹ̀rọ níná) wò kí ẹ tó wo GPU. Wọ́n lè kọ 600W gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ +12V sí nínú àkọlé kékeré náà. Bó bá jẹ́ 20A, 12 lọ́nà 20 jẹ́ 240 wáàtì, ìyẹn gan-an ni gbogbo ohun tó ní fún prósẹ́sọ̀ àti GPU. RTX 3060 nìkan 170, 5600 sì 76. Ó ti tán nìyẹn, a ò tíì ka fáànù. Irú páwà bẹ́ẹ̀ ló ń pa ẹ̀rọ láàárín gẹ́ẹ̀mù, tí ẹni tó ni ín á máa dá RAM lẹ́bi. 12V tó lé ní 40A ni kí ẹ wá.

Ní Otigba, Ọlá-Ayéní tàbí Pẹ́pù, ẹ má san owó GPU tòkunbọ̀ kó tó wọ ẹ̀rọ ìdánwò níwájú yín. Ẹ mú flash tó ní GPU-Z (tó ń sọ irú káàdì tó jẹ́) àti Unigine Heaven (tó ń fún un níṣẹ́ líle) dání. GPU-Z máa ń kọ [FAKE] síwájú orúkọ káàdì NVIDIA àtijọ́ tí wọ́n yí BIOS rẹ̀ padà. GTX 1050 Ti tó ní ojú VGA, ẹ fura sí i, torí ìran Pascal kò ní VGA nínú. Ẹ jẹ́ kí Heaven sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ máa wo Hot Spot (ibi tó gbóná jù) nínú GPU-Z: bó bá fi dígírì 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju GPU Temperature, ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà inú rẹ̀ (thermal paste) ti gbẹ, ẹ yọ owó yẹn kúrò nínú iye tó pè. Bí ó bá ní “ọ̀gá mi, ó clean, kò nílò ìdánwò”, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

SSD: H610 àti A520 kò kọjá PCIe 3.0 lójú M.2 (ihò SSD lórí bọ́ọ̀dù), nítorí náà èyí tí wọ́n ń polówó pé ó ń sá 7,000 MB/s á sá bíi 3,500. Ẹ ra èyí tó rọjú. Ẹ ka ìwé bọ́ọ̀dù náà, torí M.2 kejì lè pa ihò SATA kan tàbí méjì, dísíìkì àtijọ́ á wá “sọnù” láìjẹ́ pé ó bàjẹ́.

Àwọn tó ní AM4, bọ́ọ̀dù tí 5600 ń wọ̀, ni wọ́n ní ọ̀nà tó gbádùn mọ́ni jù. Prósẹ́sọ̀ 5700X3D wọ bọ́ọ̀dù kan náà, core mẹ́jọ, L3 (ìrántí inú prósẹ́sọ̀) 96 MB, ó sì ń ṣe gẹ́ẹ̀mù ju ohun tí overclock kankan lè fa jáde lára 5600 lọ. Ṣùgbọ́n BIOS ni kí ẹ kọ́kọ́ update nígbà tí 5600 ṣì wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ra kúlà tó dúró lóròó tó ní fáànù 120 mm, Stealth kò lè gbé e. Bí ẹ bá fẹ́ tú kúlà àtijọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ̀dà rẹ̀ rọ̀, ẹ pa á, ẹ yí kúlà náà sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e sókè. Tí ẹ bá fà á ní tútù, ó lè fa prósẹ́sọ̀ yọ nínú sókẹ́ẹ̀tì tòun ti ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ẹsẹ̀ wínníwínní yẹn sì lè tẹ̀.

Ẹ má ṣe update BIOS lórí iná NEPA nìkan. Ẹ ṣe é nígbà tí bátìrì ínfátà kún, láìsí fíríìjì lórí rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ínfátà ń gbà á láìjá bí ẹ bá pa mita. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé BIOS sórí fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí BIOS tuntun máa ń pa XMP àti Curve Optimizer rẹ́, profile tí ẹ fi pamọ́ nínú ti àtijọ́ kì í sì í sábà ṣí nínú tuntun.